Fíìmù Yorùbá Mẹ́rin Tó Wọ̀ Mí Lára Jù Lọ́dún 2024

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi tó yín létí. Ọ̀rọ̀ fíìmù ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ ilé wa ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀pọ̀ ilé ṣe rí lálẹ́ Sátidé báyìí: bàbá tẹrí ba sórí fóònù, ìyá ń wo tirẹ̀, àwọn ọmọ ti ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí. Abẹ́ òrùlé kan náà ni gbogbo wọn wà, kò sì sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Fíìmù àgbéléwò tó dáa wà lára ohun díẹ̀ tó ṣì lè kó wọn jọ sí pálọ̀, kó sì mú ọ̀rọ̀ tí kálukú ti ń gbé mì jáde síta.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí mo ń to àwọn fíìmù Yorùbá tó wọlé sórí Netflix lọ́dún 2024 bí mo ṣe fẹ́ràn wọn sí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi wọ̀n wọ́n: lẹ́yìn tá a pa tẹlifíṣàn, kí ló kù lẹ́nu wa? Fíìmù tó tán, tí kálukú sì dìde lọ sùn láìsọ nǹkan kan, bó ti wù kó dán tó, kò ṣe mí lóore. Èyí tá a ṣì ń jiyàn lé lórí nígbà tá à ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun ni mo gbé ga. Mo fẹ́ràn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin o, fíìmù méjì àti siríìsì méjì. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Ipò kẹrin: House of Ga'a

Bọ́láńlé Austen-Peters ló darí èyí, ọjọ́ 26 oṣù keje ló sì jáde. Ìtàn Baṣọ̀run Gáà ti Ọ̀yọ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti bá ọkùnrin yìí pàdé ní ilé ẹ̀kọ́ girama, nínú ìwé eré Adébáyọ̀ Fálétí tó jáde lọ́dún 1972. Gáà wà lórí oyè láti nǹkan bí ọdún 1754 títí di 1774, Aláàfin mẹ́rin ló sì dèrò ọ̀run nígbà tirẹ̀ kó tó kan Abíọ́dún, ẹni tó wá rẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àgbà ṣì ń fi í kìlọ̀ títí dòní: bí o bá láyà kí o ṣìkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o ṣòótọ́.

Fẹ́mi Branch ló ṣe Gáà. Ohùn ọkùnrin yẹn nìkan tó ohun tí èèyàn lè tìtorí rẹ̀ wo fíìmù yìí. Ojú Oyèmẹkùn ọmọ Gáà, tí Mike Afolarin ṣe, la fi ń wo ìtàn náà, ibẹ̀ gan-an ló sì ti gbá mi lọ́kàn mú. Ọmọ tó fẹ́ràn bàbá rẹ̀, tó sì ń rí i bí bàbá náà ṣe ń di ẹrù fún gbogbo ayé, kí ni kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe? Ohun tá a bá sùn nílé wa nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní àléébù Gáà tó burú jù ni pé kò sí ẹnì kan ṣoṣo láyìíká rẹ̀ tó lè sọ fún un pé rárá, kó sì gbà. Ó wá bi gbogbo wa léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan pé: ta ló lè sọ pé rárá fún ìwọ?

Kí ló dé tí mo fi í sípò kẹrin? Ìtàn náà ń sáré jù fún mi. Fúnkẹ́ Akíndélé wà níbẹ̀, Tóyìn Abraham náà wà níbẹ̀, ó wù mí kí wọ́n fún àwọn obìnrin inú rẹ̀ láàyè kí n mọ inú wọn dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ náà pọ̀, àwọn ibì kan sì wà tí kò yẹ kí ojú ọmọdé rí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ sùn kẹ́ ẹ tó tàn án. Àwọn ọkùnrin ilé yín ni mo ní kẹ́ ẹ bá wò ó: ọkọ yín, ẹ̀gbọ́n yín, àbúrò yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀gá níbi iṣẹ́.

Ipò kẹta: Lisabi: The Uprising

Lateef Adédìméjì àti aya rẹ̀, Adébímpé Oyèbádé, ló ṣe agbátẹrù fíìmù yìí, Níyì Akínmọláyan sì darí rẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ló jáde. Lateef fúnra rẹ̀ ló ṣe Lísàbí, àgbẹ̀ tó gba Ẹ̀gbá sílẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Lákòókò yẹn, àwọn ìlàrí, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ Aláàfin, máa ń wọ àwọn ìlú Ẹ̀gbá láti gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n á sì ṣe bó ṣe wù wọ́n. Ibrahim Yẹkini, tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìtẹ̀lé, ló ṣe Ṣàngódèyí, ọ̀gá àwọn tó ń gba owó orí náà, ó sì mú kí n kórìíra ọkùnrin náà tọkàntọkàn.

Ohun tó jẹ́ kí fíìmù yìí wọ̀ mí lára ni ọ̀nà tí Lísàbí gbà. Kò kọ́kọ́ gbé idà. Ẹgbẹ́ Ààrò ló kọ́kọ́ dá sílẹ̀, tí àwọn àgbẹ̀ á pé jọ ro oko ẹnì kan lónìí, kí wọ́n tó lọ ro ti ẹlòmíràn lọ́la. Nínú oko ríro pọ̀ yẹn ni ìfọkàntán ti wá, inú ìfọkàntán yẹn sì ni ìjà òmìnira ti hù jáde. Kò tíì sí Abẹ́òkúta rárá nígbà yẹn, torí ọdún 1830 ni Ẹ̀gbá tẹ̀ ẹ́ dó. Síbẹ̀ títí dòní ni ọmọ Ẹ̀gbá ń ṣe àjọ̀dún Lísàbí lọ́dọọdún.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ibí ni mo ti fẹ́ bá yín sọ ọ̀rọ̀ àṣírí. Ẹ wá ààrò tiyín. Ẹ wá obìnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin tẹ́ ẹ fọkàn tán, tí ilé wọn kò jìnnà. Ní Sátidé kan, kí gbogbo ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, kí àwọn yòókù sinmi. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kó kan ẹlòmíràn. Ẹni tó bímọ tuntun, kí àwọn tó kù máa pín oúnjẹ rẹ̀ sè. A mọ bá a ṣe ń dá àjọ owó, a mọ èsúsú dáadáa, àmọ́ ọ̀pọ̀ wa kò dá àjọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mọ́. Àárẹ̀ tó ń pa wá nínú ilé, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ààrò lè gbé kúrò.

Ohun tó gba ipò kejì lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé ìtàn náà kò tán síbẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 2025 ni apá kejì, Lisabi: A Legend Is Born, jáde. Ẹ wò wọ́n tẹ̀ léra. Àwọn ọmọ tó ti wọ girama lè bá yín jókòó, ṣùgbọ́n ẹ wà nítòsí wọn, torí ìjà inú rẹ̀ le.

Ìmọ̀ràn kékeré kan: ẹ wo House of Ga'a kẹ́ ẹ tó wo Lísàbí. Kò pẹ́ lẹ́yìn ikú Gáà ni Ẹ̀gbá dìde sí Ọ̀yọ́, torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wo méjèèjì bẹ́ẹ̀ á rí bí agbára ńlá ṣe kọ́kọ́ jẹra láti inú ààfin, kó tó di pé àgbẹ̀ láti inú oko bi í ṣubú.

Ipò kejì: Seven Doors

Siríìsì Fẹ́mi Adébáyọ̀ ni, ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ló jáde, ọ̀pọ̀ ilé ló sì fi ṣe ọdún Kérésìmesì. Fẹ́mi ṣe Adédùnjoyè, ọkùnrin oníyàwó kan tó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, tí oyè ọba ìlú Ìlárá wá kàn. Chioma Chukwuka ṣe Amaka, ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìgbò. Adédùnjoyè gorí oyè tán ni wọ́n tó sọ fún un pé ẹ̀ṣẹ̀ àwọn baba ńlá wà lọ́rùn ìlú, àti pé kí ègún náà tó lè kúrò, ó ní láti fẹ́ ìyàwó mẹ́fà mìíràn. Nígbà tí wọ́n pín ẹ̀bùn Africa Magic Viewers' Choice Awards (AMVCA) lọ́dún 2025, Chioma ló gba ti òṣèrébìnrin tó ta yọ jù, Fẹ́mi náà sì gba ti òṣèrékùnrin. Ẹni tó bá wò ó kò ní bi wọ́n pé kí ló dé.

Pálọ̀ wa kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ tá a wò ó. Bí àwọn ìjòyè ṣe ń sọ̀rọ̀, tí ìlú ń sọ̀rọ̀, tí babaláwo ń sọ̀rọ̀, àǹtí mi kan tó ti ń ju ẹ̀pà sẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀ gbé ọwọ́ dúró. Ó ní, "Gbogbo ayé ló ti sọ tẹnu wọn. Ta ló bi ìyàwó léèrè?" Pálọ̀ pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Ẹnì kan ní ọba kì í ṣe ti ara rẹ̀ mọ́, ti ìlú ni. Ẹlòmíràn ní ìlú tó bá fẹ́ kí ọba gbọ́ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ti olorì. Ìyá ọkọ mi, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló wá sọ bí ó ṣe rí lára òun nígbà tí wọ́n mú ìyàwó kejì wọlé bá òun. N kò gbọ́ ìtàn yẹn rí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn. Siríìsì lásán ló mú un jáde.

Ìmọ̀ràn mi lórí èyí nìyí. Ẹ bá ọkọ yín wò ó, àmọ́ ẹ má sọ pálọ̀ di kóòtù. Bí ẹ bá ti ń wò ó tẹ́ ẹ sì ń yíjú sí i pé, "Ìwọ ńkọ́, tó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́?", ó máa kúrò níbẹ̀ lọ wo bọ́ọ̀lù ni. Ẹ jẹ́ kó tán. Ẹ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ sọ ohun tó rí. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin máa ń sọ ọkàn wọn bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti Adédùnjoyè, tí wọn kò ní sọ láé bó bá jẹ́ tiwọn. Ẹ tẹ́tí, ẹ máa gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ń wá. Bí ọ̀rọ̀ ìyàwó méjì bá sì jẹ́ ọgbẹ́ tútù nínú ilé yín lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ sún èyí síwájú. Ẹ bá ọ̀rẹ́ tó mọ inú yín wò ó ná.

Ipò kìíní: Aníkúlápó: Rise of the Spectre

Èyí ni adé orí gbogbo wọn. Kúnlé Afọláyan ló ṣe é, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2024 ló jáde, ó sì tẹ̀ síwájú láti ibi tí fíìmù Aníkúlápó ti dúró. Fíìmù àkọ́kọ́ yẹn jáde ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, òun ló sì gba ẹ̀bùn fíìmù tó dára jù ní AMVCA ọdún 2023. Ẹ wo ti àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ tó wo siríìsì yìí, kí ìtàn má bàa rú yín lójú.

Sàró, tí Kunle Remi ṣe, ni ọ̀dọ́mọkùnrin aláṣọ òfì tó wọ Ọ̀yọ́, tó fẹ́ Arọ́lákẹ́ olorì, tí agbára ẹyẹ àkàlà sì bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ débi tó ń jí òkú dìde. Ìgbéraga ló pa á. Nínú siríìsì yìí, ọ̀run kò gbà á. Ó di àkúdàáyà, ó sì ní láti padà wá mú ẹ̀mí àwọn tó ti jí dìde lọ. Ẹ rò ó wò o: oore tó ṣe fún èèyàn lánàá ló wá di gbèsè tó ń gbà lọ́wọ́ wọn lónìí. Àwọn ọmọ wa jiyàn lórí èyí gan-an. Àgbà inú wọn ní Sàró kò jẹ̀bi, torí agbára yẹn wà níbẹ̀ fún lílò. Àbúrò rẹ̀ ní ohun tí kì í ṣe tìẹ, bí o bá fi ṣoore, olówó rẹ̀ á padà wá béèrè.

Ohun kejì tó gbé e sípò kìíní ni èdè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí Owobo Ogunde tó ṣe Baṣọ̀run Ògúnjìmí. Bí ọkùnrin yẹn bá la ẹnu, ọ̀rọ̀ á máa wá pẹ̀lú òwe àti àyájọ́, láìkánjú. Ìyá mi ń dá a lóhùn láti orí àga ni. Bí Baṣọ̀run bá pa ìdajì òwe, ìyá mi á parí ìdajì tó kù, àwọn ọmọ á yíjú sí i pé, "Màmá àgbà, kí ni wọ́n sọ yẹn?" Ẹ̀kọ́ Yorùbá tí owó kò lè rà nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni àwọn obìnrin. Bímbọ́ Adémóyè ni Arọ́lákẹ́, Ṣọlá Sobọ̀wálé ni Awarun. Arọ́lákẹ́ fi ààfin sílẹ̀ nítorí ìfẹ́. Awarun lówó, ó ní iṣẹ́ ìkòkò tirẹ̀, ó gba Sàró sílé nígbà tí kò ní ibi tí yóò forí lé. Àwọn méjèèjì ló rò pé ohun tí àwọn ṣe fún ọkùnrin yìí á dè é mọ́ àwọn lára. Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ kò tíì lọ́kọ, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín bí ọmọ ìyá ṣe ń sọ fún ọmọ ìyá: ẹ má fi oore ra ọkọ. Ẹ ṣoore fún ẹni tó wù yín, ẹ gbà á sílé, ẹ fún un lówó okòwò, kò burú. Àmọ́ kí ìmoore tó dìfẹ́, ó gba ohun mìíràn tí kò sí lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ní àbúrò obìnrin tó ń san owó ilé fún ọkùnrin kan, ẹ pè é wá wo èyí. Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Awarun á sọ ọ́ fún yín.

Èdè tí à ń gbọ́ nínú àwọn fíìmù yìí, ogún ìdílé ni. Bàbá Kúnlé ni Adé Love, ọ̀kan nínú àwọn tó gbé eré orí ìtàgé Yorùbá wọ inú sinimá. Gabriel Afọláyan, tó ṣe Akin nínú siríìsì yìí, ọmọ bàbá kan náà ni. Fẹ́mi Adébáyọ̀ tó ṣe Seven Doors, ọmọ òṣèré àgbà tí a mọ̀ sí Ọ̀gá Bello ni. Àwọn ọmọ tó gbọ́ èdè yìí lẹ́nu bàbá wọn ló ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ tiwa báyìí.

Bẹ́ ẹ ṣe lè wò wọ́n kó dùn

Ẹ fi ohùn sí Yorùbá. Bí ẹ bá rí ohùn Gẹ̀ẹ́sì lórí èyíkéyìí, ẹ yí i padà. Ẹ lè fi àkọlé Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Houston. Etí wọn á mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀.

Ẹ wà á jáde sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ má dúró de ìgbà tí iná bá lọ. Netflix gbà yín láyè láti wa fíìmù jáde sórí fóònù. Bó bá sì jẹ́ dátà fóònù lẹ fẹ́ fi wò ó tààrà, ẹ wọ ètò rẹ̀, kẹ́ ẹ yan Save Data: dátà 1GB lè gbé nǹkan bí wákàtí mẹ́fà.

Ẹ se oúnjẹ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìyá ilé máa ń wo ìdajì fíìmù láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì, tí ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọṣẹ. Ẹ ra gúgúrú àti ẹ̀pà, tàbí kẹ́ ẹ ti din àkàrà kó tó di ìrọ̀lẹ́. Àwo tó bá kù, kó dúró de àárọ̀. Àyè yín wà lórí àga yẹn gẹ́gẹ́ bí ti gbogbo wọn.

Ẹ má wo siríìsì tán lóru ọjọ́ kan. Apá kan lọ́sẹ̀ kan tó. Láàárín ọ̀sẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń dùn, nígbà tí kálukú bá ń sọ ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ fi ìwé àjákọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn, kí ọmọ kan máa kọ òwe tó bá gbọ́ sílẹ̀, kí ẹ jọ túmọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ìyá yín wà nílé, tí ẹ̀yin wà lókè òkun, ẹ dá wákàtí kan, kẹ́ ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ sì pè é lórí WhatsApp nígbà tó bá parí.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fi kún un. Ẹ má gba fíìmù jíjí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì àti sídíì láìgbàṣẹ ló jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀pọ̀ olóòótọ́ òṣèré ṣófo láyé àná. Netflix máa ń ka wákàtí tí èèyàn fi wo fíìmù kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá wo ti Yorùbá dé ìparí, ní ohùn Yorùbá, iye náà á wọ inú ìṣírò wọn, òun ni ẹni tó fẹ́ ṣe òmíràn á sì gbé lọ bá àwọn olówó. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ yín ní irú Baṣọ̀run Ògúnjìmí mìíràn láti gbọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ san owó rẹ̀, ẹ jókòó, ẹ wò ó tán, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹnì kan kó wò ó.